Làkúrègbé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹni

Nínú ìjọ tí a ń ṣe olùṣọ́ rẹ̀, ìyá aránṣọ kan wà tí kò tíì pé ẹni 40 ọdún nígbà tí ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kí ó tó lè di àlùmọ́gàjí mú. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló ṣe é. Àwa pàápàá, kí a má purọ́, àdúrà nìkan ni a kọ́kọ́ gbà fún un. Ó pé ọdún méjì kí a tó ní kí ó lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kì í ṣe gbogbo làkúrègbé ni ogbó ń fà. Ní ti èyí, àwọn ọmọ-ogun ara tí Ẹlẹ́dàá fi sínú wa láti bá kòkòrò àrùn jà ni ó ṣìnà, tí wọ́n dojú ìjà kọ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú oríkèé. Kì í ràn. Àwọn obìnrin tí ó ń mú tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iye ọkùnrin.

Iṣẹ́ àti ipò ẹni ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní Sweden, àwọn olùṣèwádìí rí i pé ó wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i láàrin àwọn tí kò kàwé dé yunifásítì ju àwọn tí ó kà á dé ibẹ̀ lọ. Ewu rẹ̀ sì pọ̀ fún ọkùnrin tí ń fa eruku òkúta símú lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá bí ó bá tún ń mu sìgá.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àrùn bá ti wọlé ni ìyàtọ̀ ń hàn jù. Christiaan Barnard, ọmọ oníwàásù ní South Africa, ẹni tí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ ọkàn ènìyàn ní 1967, ní irú làkúrègbé yìí. Ní 1983 ó fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń kọ ìwé, ó sì ń rìnrìn àjò láti sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ìjọba náà lè tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ta ni aránṣọ yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé oníbàárà tí ń retí aṣọ Kérésì ni? Ẹni tí ń yan gàrí, ẹni tí ń gún iyán tà, ọjọ́ tí ọwọ́ wọn kò bá ṣiṣẹ́ ni owó dá.

Oògùn wà. Methotrexate, tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ lábẹ́ àbójútó dókítà, lè dín ìbàjẹ́ oríkèé kù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oògùn ìrora tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà kò lè ṣe èyí. Ìrora ni ó ń pa, oríkèé ń bàjẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀.

Ìwú ọwọ́ ìyá wa ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka tí ó ti wọ́ kò nà mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama, ni ó ń bá a gé aṣọ nísinsìnyí bí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, kí ó tó ṣe iṣẹ́ àmúrelé tirẹ̀.