Ọmọ Tó Mọ Ọwọ́ Wẹ̀: Ìdíje Tí Ń Múra Akẹ́kọ̀ọ́ Sílẹ̀ fún Iṣẹ́ Ìlera

Láti ọdún 1982 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, lábẹ́ Gómìnà Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ, ti tẹ yunifásítì dó sí Àgọ́-Ìwòyè, ìlú Ẹbùmàwé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni àwọn òbí ti tòsí àti ti ọ̀nà jíjìn ti ń gbójú sókè sí ìlú náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní àdúrà mìíràn lórí ọmọ ju pé kí ó kàwé débi tí yóò fi wọ aṣọ funfun, tí yóò fi okùn tí a fi ń gbọ́ lílù ọkàn kọ́rùn, tí aráyé yóò sì máa pè é ní dókítà. Àdúrà rere ni, nítorí ìlera ni oògùn ọrọ̀, ẹni tó bá sì bí oníṣègùn kò bí i fún ara rẹ̀ nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀nà tí ọmọ ń gbà débẹ̀. Yóò jókòó ìdánwò àṣekágbá girama, yóò tún jókòó ti JAMB nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì. Bí máàkì rẹ̀ bá ga, ó wọlé. Bí kò bá ga, ó di ọdún mìíràn. Nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, kò sí ibì kan tí a ti wádìí bóyá òòyì ń kọ́ ọ bó bá rí ẹ̀jẹ̀, bóyá ó lè fi sùúrù gbọ́ àròyé arúgbó tí ara ń ni, tàbí bóyá ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n nígbà tí ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn bá wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ọpọlọ nìkan ni a gbé lé ìwọ̀n. Ọwọ́ àti ẹnu, tí í ṣe ohun tí aláìsàn kọ́kọ́ ń bá pàdé lára ẹni tó fẹ́ wò ó sàn, a kò bìkítà fún wọn títí ọmọ yóò fi dé ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Àwọn kan wà láyé yìí tí wọ́n ti rí àléébù náà tipẹ́, tí wọ́n sì gbé ìdíje kalẹ̀ tí ọmọ girama ti lè fi ọwọ́, ẹnu àti ọpọlọ rẹ̀ dán iṣẹ́ ìlera wò, kí ó tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ lé e lórí.

Ta ló dá a sílẹ̀, kí ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀?

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń pè ní HOSA ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1976 ni àwọn aṣojú láti ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn Texas, Oklahoma, Alabama, New Jersey, New Mexico àti North Carolina, pàdé ní ìlú Arlington ní Texas láti fọwọ́ sí òfin ẹgbẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbilẹ̀, débi pé àwọn tí ń forúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún ti ju 200,000 lọ. Nínú ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ni ìdíje ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yege a gòkè lọ sí ti ìpínlẹ̀. Àwọn tó bá sì mókè níbẹ̀ a pàdé ara wọn ní oṣù kẹfà, níbi àpéjọ ńlá tí wọ́n ti ń fi mẹ́dàlì wúrà, fàdákà àti idẹ dá àwọn tó peregedé lọ́lá.

Ìsọ̀rí ìdíje náà pọ̀ bí ẹ̀ka iṣẹ́ ìlera fúnra rẹ̀ ti pọ̀. Ti ìwé wà níbẹ̀: mímọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣègùn, sísípẹ́lì rẹ̀ láìṣìnà, àti mímọ bí àjàkálẹ̀ àrùn ti ń rìn láàrin ènìyàn. Ti iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti yàrá àyẹ̀wò, ti eyín, ti ìtọ́jú eléré ìdárayá, àní títí dórí ìtọ́jú ẹran. Àwọn mìíràn sì jẹ́ ti àgbájọ ọwọ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlera tàbí tí wọ́n ti ń gbé ètò ìlanilọ́yẹ̀ kalẹ̀ fún ará ìlú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò mọ iṣẹ́ ìlera mìíràn lẹ́yìn ti dókítà àti ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá rí àyè nínú méjèèjì a gbà pé ilẹ̀kùn ti tì, nígbà tí ilé ìwòsàn ń wá ẹni tí yóò ya fọ́tò egungun, ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àti ẹni tí yóò kọ́ arọ bí yóò ṣe tún rìn.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀kan wò fínnífínní

Nínú ìdíje ìtọ́jú pàjáwìrì, àwọn ọmọ méjì-méjì ni í jọ ń wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yege nínú ìdánwò àkọsílẹ̀. Wọn yóò bá ọmọlangidi tó tó ènìyàn lórí ilẹ̀, adájọ́ yóò sì ti dúró pẹ̀lú aago àti ìwé máàkì lọ́wọ́. Ká ní ìwé tí wọ́n fún wọn wí pé ọkùnrin kan ṣàdédé ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí adájọ́ kọ́kọ́ ń wò kì í ṣe àyà ọkùnrin náà rárá. Ó ń wò ó bóyá àwọn ọmọ náà yẹ àyíká wò, bóyá wọ́n rí i dájú pé kò sí wáyà iná tó já nílẹ̀, nítorí olùgbàlà tó bá ṣubú tẹ̀lé ẹni tó fẹ́ gbà là ti sọ òkú kan di méjì. Lẹ́yìn èyí ni ìbọ̀wọ́; lẹ́yìn ìbọ̀wọ́, wọn yóò gbọn èjìká rẹ̀, wọn yóò pè é, wọn yóò rán ẹnì kan kí ó sáré pe ìrànlọ́wọ́, wọn yóò sì wò ó bóyá ó ń mí.

Bí kò bá mí, ọ̀kan nínú wọn yóò kúnlẹ̀ tì í, yóò gbé ọwọ́ lé ọwọ́ sí àárín àyà rẹ̀, yóò na apá gbọnrangandan, yóò sì máa tẹ àyà náà wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ntímítà 5 sí 6, kí ó sì yára débi tí yóò fi jẹ́ ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30, ẹnì kejì yóò fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀ lórí ìwé adájọ́. Ọmọ tó bá yára tó fo ìgbésẹ̀ kan yóò pàdánù lọ́wọ́ ọmọ tó fara balẹ̀ tó ṣe gbogbo rẹ̀ létòlétò.

Ìlànà yìí kò jìnnà sí èyí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fúnra wọn ń lò. Ní ọdún 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, gbé ìdánwò kan jáde tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ láti ibùdó kan dé òmíràn, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó ní ibùdó kọ̀ọ̀kan lójú adájọ́ tó mú ìwé máàkì dání. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn káàkiri ayé mọ̀ sí OSCE lónìí. Ọmọ tó bá ti bá irú rẹ̀ pàdé ní girama, ẹ̀rù rẹ̀ kò ní bà á mọ́.

Èyí tó wà nílé wa

Kì í ṣe pé ilé wa ṣófo. Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Oògùn ti yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè náà, tí ó ń jẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ báyìí, wà ní Ṣágámù, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn ilẹ̀ wa, PANS, sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àgbáyé IPSF tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ẹgbẹ́ àgbáyé yìí a máa ṣe ìdíje ìgbaninímọ̀ràn, níbi tí wọ́n ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé oògùn, tí ẹnì kan yóò sì wọlé bí ẹni pé òun ni aláìsàn tó ni ín. Ká gbé irú rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí aláìsàn náà jẹ́ ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó sì ń mu àgbo mọ́ oògùn dókítà níkọ̀kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wí pé, “Ṣé ẹ kò mu àgbo?” ti bi í bí ọlọ́pàá ti ń bi olè, ìyá yóò sì dáhùn pé, “Rárá o.” Ṣùgbọ́n èyí tó bá kúnlẹ̀ kí i, tó sì wí pé, “Ẹ ṣeun mà, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn nǹkan wo lẹ tún ń lò tó ń bá yín lára mu?” ti ṣí ilẹ̀kùn tí ìwé kò lè ṣí. Àwọn adájọ́ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kò fi máàkì fún ìmọ̀ oògùn nìkan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ̀rọ̀ àti bí ó ti tẹ́tí sílẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń wọ̀n.

Ẹgbẹ́ Red Cross pẹ̀lú, tí òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1960, ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹgbẹ́ JETS sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ girama figagbága nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àlàfo tó kù ni pé ti Ṣágámù wà fún ẹni tó ti wọ yunifásítì, ti JETS sì jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì lápapọ̀. Ọmọ girama tí ọkàn rẹ̀ fà sí iṣẹ́ ìlera kò ní pápá ìdíje tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wí pé kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò.

Ohun tí Ebola fi hàn

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni èyí, kí ó rántí ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà ni arìnrìnàjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní jáde nílé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le bẹ̀rẹ̀: wíwá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn, nǹkan bí ènìyàn 890, àti ṣíṣe àbẹ̀wò sí wọn lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú nínú wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ohun tí ó gbà wá ju ohun gbogbo lọ ni ẹsẹ̀ tó rìn dé ẹnu ọ̀nà onílé àti ẹnu tó mọ bí a ti ń bá ènìyàn tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí arìnrìnàjò láti Ítálì gbé kòrónà dé Èwékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a tún gbára lé. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ọmọ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà lọ́la, òní ni a ti ń kọ́ ọ.

Bí yóò ti rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá ọgbọ́n gbọ́dọ̀ rán an bá ara rẹ̀ mu. Ìbéèrè ìdíje ti Arlington kò ní jẹ́ ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Níhìn-ín, nínú oko kòkó àti obì, ẹni tí ọká bu ṣán ni kí wọ́n gbé ka iwájú ọmọ: kí ó má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, kí ó má fi okùn so ó pinpin, kí ó má fẹnu fa oró; kí ó mú kí ẹni náà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ó fi igi tẹ́ ẹsẹ̀ náà kí ó má baà mira, kí wọ́n sì gbé e lọ kíákíá síbi tí abẹ́rẹ́ apa-oró wà. Ní etí omi Àbígí àti Ìwópin, ẹni tó mu omi ni kí wọ́n lò: ọmọ tó bá gbé e sorí kodò, tó ń tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde, kí ó pàdánù máàkì, èyí tó bá tètè fẹ́ èémí sí i, tó sì tẹ̀ ẹ́ láyà, kí ó gba tirẹ̀. Ní Orù àti Awà, ọmọ ọwọ́ tó ń ṣu gbuuru ni: kí ó po ṣíbí kékeré ṣúgà 6 tí a rẹ́ dọ́gba àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan. Ẹni tó bá ṣi iyọ̀ wọ̀n nínú èyí lè pa ọmọ tó fẹ́ wò.

Kí gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwẹ̀wọ́, níbi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí á fi ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60 fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, láti àtẹ́lẹwọ́ dé ẹ̀yìn ọwọ́, láàrin ìka, àtàǹpàkò, àti orí èékánná. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Nínú iṣẹ́ ìlera, òun náà ni yóò bá àgbà ṣiṣẹ́.

Kí á ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Èkíní, mẹ́dàlì kì í ṣe ìwé àṣẹ: ọmọ tó gba wúrà kò tíì di ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ ní àdúgbò, àwọn olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Èkejì, kí owó má di odi. Bí ìdíje bá di ti ilé-ìwé tí òbí rẹ̀ lówó nìkan, ọmọ àgbẹ̀ tó ti ń rí ejò lójoojúmọ́, tó sì lè mọ ìtọ́jú rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, yóò dúró sẹ́yìn odi.

Ohun tí a nílò kò sì jìnnà. Yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè; Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìlera Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ wà ní Ṣágámù; Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìlera wà ní Ìlésè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi mẹ́ta wọ̀nyí bá lè fi ọjọ́ kan nínú sáà kọ̀ọ̀kan kọ́ ọmọ girama, kí wọ́n sì fi òmíràn ṣe adájọ́ wọn, omi, ọṣẹ, aṣọ ìdi-ọgbẹ́, ọmọlangidi kan àti ìwé máàkì tó péye ni ìnáwó tó kù. Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè, kì í ṣe ẹni tí a ń kọ́ ní ọgbọ́n ẹgbẹ́ jíjọ dá. Irú ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ilé-ìwé fún ara wọn láyé àtijọ́ ni kí wọ́n tún nà. Ọmọ tí kò bá tilẹ̀ di dókítà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ yóò ṣì padà sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè gba ẹ̀mí là, ilé tó bá sì ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti jèrè kí èsì JAMB tó dé.