Símẹ́ǹtì Egungun: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Ti Ń Wá

Símẹ́ǹtì egungun kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Bí bíríkìlà ṣe ń fi símẹ́ǹtì há ẹsẹ̀ géètì mọ́ inú ògiri ni oníṣẹ́ abẹ ṣe ń fi í há oríkèé àtọwọ́dá mọ́ inú egungun: á wọ àwọn ihò wínníwínní ara egungun, á gan síbẹ̀, irin kò sì ní mì mọ́. John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ará England, ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń lò fún oríkèé ìbàdí láti ìparí àwọn ọdún 1950.

Ike ni, irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ti ń lò tipẹ́ fún eyín àtọwọ́dá. Ìyẹ̀fun rẹ̀ 40 gíráàmù sí èròjà rẹ̀ tó jẹ́ olómi 20 mílílítà ni wọ́n sábà máa ń pò. Á ki, á gbóná, á sì le kó tó pé ogún ìṣẹ́jú.

Ó lè gba ẹrù tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni kí a fà á, tàbí kí a fẹ́ ṣẹ́ ẹ bí igi ìdáná. Ìlànà àgbáyé ISO 5833 ní kó gba ó kéré tán 70 megapascal bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n 50 péré bí wọ́n bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Ìrìn ẹsẹ̀ ń ṣe gbogbo rẹ̀ sí i, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì máa ń ṣírò ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ kan sí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sán.

Ibi tí sísán náà sábà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ihò afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi irin gún kọnkéré tútù mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ro símẹ́ǹtì egungun nínú abọ́, afẹ́fẹ́ ń há sínú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó nínú ike tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wọ́n tún ń fi omi alágbára fọ ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá kúrò nínú egungun, wọ́n ń dí ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn símẹ́ǹtì kún un láti ìsàlẹ̀ wá sókè, wọ́n sì ń tì í wọlé. Bí símẹ́ǹtì tó yí irin ká bá fẹ́lẹ́ ju mílímítà 2 lọ, ó tètè ń sán.

Àfikún èròjà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Barium sulfate ń jẹ́ kí símẹ́ǹtì hàn nínú fọ́tò X-ray, ṣùgbọ́n bó bá dì pọ̀, ibẹ̀ di ojú àìlera. Oògùn apakòkòrò náà, bó bá pọ̀ jù, á dín agbára rẹ̀ kù. Fọ́nrán kábọ̀n tàbí títéníọ̀mù ń mú un le lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń mú un ki débi tí kì í fẹ́ wọ ihò egungun mọ́.

Símẹ́ǹtì egungun kan tí wọ́n ń pè ní Boneloc fi ewu irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ hàn. Wọ́n ṣe é kó má baà gbóná púpọ̀. Kò gbóná púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára tó, oríkèé sì ń tètè tú. Àkọsílẹ̀ tí Norway ti ń ṣe nípa oríkèé àtọwọ́dá láti 1987 wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí i. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 1995.