Gìtá Àtòpọ̀ àti Ìbéèrè Nípa Oníṣẹ́ Ọnà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa gìtá kíkàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò kò jìnnà sí iṣẹ́ mi. Bí ènìyàn bá ra ara gìtá, ọrùn rẹ̀ àti okùn rẹ̀ nínú àpótí kan, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n pọ̀, ǹjẹ́ oníṣẹ́ ọnà ni a ó pè é, àbí oníbàárà tí ó ṣe wàhálà díẹ̀?

Ìpìlẹ̀ Rẹ̀

Ní ọdún 1950 ni Leo Fender, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá oníná kan tí inú rẹ̀ kò ṣófo bí àpótí, tí ó sì jẹ́ pé síkúrù ni a fi de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara. Àtè ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kan gìtá fi ń lẹ ọrùn mọ́ ara kí tirẹ̀ tó dé. Nígbà tí ọrùn ti di ohun tí a lè tú, ó rọrùn láti ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Orí èyí ni gìtá àtòpọ̀ òde òní dúró lé.

Bí A Ṣe Ń Tò Ó

Mo ti to ọ̀kan rí, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n óò sọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a to gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìtíì kùn ún, kí a sì na òwú láti orí dé ìdí, láti mọ̀ bóyá okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò jìnnà sí etí ọrùn bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni a óò tú u, tí a óò fi sáńpépà dán an: 120 ni àkọ́kọ́, 180 tẹ̀lé e, 220 sì kẹ́yìn, kí ọwọ́ máa tẹ̀lé ìlà ara igi. Bí a bá kánjú fo ọ̀kan, àmì tí ti ìṣáájú fi sílẹ̀ yóò hàn nígbà tí epo bá kàn án. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Epo linseed ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń fi í pa igi, kí ti ìṣáájú sì gbẹ kí a tó fi òmíràn lé e. Ó ní ewu kan: bí ó ti ń gbẹ ni ó ń gbóná, àkísà rẹ̀ tí a bá rún jọ sí igun ilé sì lè gbiná fúnra rẹ̀. Títẹ́ ni kí a tẹ́ ẹ síta.

Lórí ọrùn ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń pààlà ohùn wà. Bí okùn bá gùn ní mìlímítà 648, a óò fi 17.817 pín in. Ohun tí a bá rí, mìlímítà 36.4, ni àyè tí ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ okùn lókè àti irin kìíní. Èyí tí ó kù ni a óò tún pín bẹ́ẹ̀ láti rí irin kejì. Irin kejìlá a sì bọ́ sí 324, ìdajì okùn gan-an. Ilé-iṣẹ́ ti bá ẹni tí ó ra àpótí ṣe ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n kò lè bá a ṣe èyí tí ó kẹ́yìn. Ìka tí ó bá tẹ okùn mọ́ irin ń fà á le díẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì ròkè. Etí ni a óò fi wò ó: a óò fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè irin kejìlá, kí a ta á, a óò sì tún tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí a ta á. Bí ohùn èyí tí a tẹ̀ bá ga ju èkejì lọ, a óò fa irin ìdí tí okùn náà gùn lé sẹ́yìn. Bí ó bá lọ sílẹ̀, a óò tì í síwájú.

Ohun Tí Àwọn Alohùn Ti Mọ̀

Oríkì Oníkòyí ti wà nílẹ̀ kí a tó bí oníìjálá tí ń sun ún. Bí ó ṣe tò ó ni a ń wò, ẹni tí ó mọ oríkì náà sì lè dá a dúró ní gbangba pé ó ti ṣì í sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti dùndún: ẹni tí ó gbẹ́ igi rẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tí ó fi awọ bo ojú rẹ̀, tí ó sì fi ọṣán fà á. Síbẹ̀ a kò gbọ́ pé ẹnì kan sọ pé ẹni tí ó fa ọṣán kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà.

N kò sọ pé ẹni tí ó to gìtá bá ẹni tí ó gbẹ́ ẹ dọ́gba. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ mọ ìdí tí a fi yan igi. Ẹni tí ó tò ó mọ ìdí tí ohùn fi ń bàjẹ́. Ìmọ̀ kejì yìí ni ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Gìtá ti wà nínú orin jùjú ní Èkó láti àwọn ọdún 1930, àwo King Sunny Adé tí ó ń jẹ́ Juju Music sì gbé ohùn rẹ̀ dé òkèèrè ní 1982. Síbẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, igi ọrùn a gbẹ, a sì sún kì. Irin kò ní sún kì pẹ̀lú rẹ̀, orí rẹ̀ a yọ síta, a máa ya ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti to gìtá rí mọ̀ pé fáìlì kékeré àti sùúrù ni yóò tún un ṣe. Ẹni tí kò tò ó rí lè ní gìtá ti bàjẹ́, kí ó sì lọ ra èyí tí ó ti òkè òkun dé.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ orin ní àwọn yunifásítì wa to ohun èlò kan, ìbáà ṣe dùndún tàbí gìtá, kí ó tó gba oyè. Lójú tèmi, oníṣẹ́ ọnà ni ẹni tí ó tò ó, bí ó bá lè tú u, kí ó sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí ó sì tún un tò kí ohùn rẹ̀ pé. Ohun kan náà ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí mo ń kọ́ ní ewì.