Kọ̀ǹpútà Tó Ń Làágùn: Bí Ẹ Ṣe Lè Dènà Ìrì Lára Ẹ̀rọ Tí Ẹ Fi Omi Dídì Tù

Ẹ ra pure water kan tó tutù dáadáa ní Boundary, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ara ọ̀rá náà á ti rin, omi á sì máa kán sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá náà ò lu o. Níbo wá ni omi yẹn ti wá? Èmi náà ò bi ara mi ní ìbéèrè yìí rí, àfi ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà oníbàárà kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ajegunle níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Oníbàárà náà ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe orin nínú yàrá kékeré kan tí kò ní AC. Omi ló ń tu CPU rẹ̀: pump ń ti omi, omi ń gbé ooru lọ sínú radiator, fáànù ń fẹ́ ooru náà dànù. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo ti wo fídíò àwọn ará òkè òkun tí wọ́n ń mú omi kọ̀ǹpútà wọn lọ sí ìsàlẹ̀ 0°C kó lè sáré, mo ní èmi náà á dán an wò. Mo da omi tí wọ́n ń dà sí radiator mọ́tò sínú páìpù rẹ̀ kó má bàa dì. Mo ra áìsì blọ́ọ̀kù, mo fọ́ ọ sínú kúlà, mo bu iyọ̀ sí i, mo sì ri radiator náà sínú rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ o! Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ̀rọ ń sáré bí ẹṣin. Lójijì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí mo tú u, omi ti rin motherboard láti ẹ̀gbẹ́ CPU títí dé ìdí RAM. Mo wá ibi tó ń jò títí, n ò rí i, torí kò sí ibì kankan tó ń jò. Èmi ni mo san owó motherboard tuntun, oníbàárà sì pàdánù iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ tí kò tíì tọ́jú. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín.

Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá

Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ojú wa ni kò rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni omi tó lè wà nínú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Tí afẹ́fẹ́ náà bá fara kan nǹkan tó tutù, àyè ò gba gbogbo omi yẹn mọ́, èyí tó ṣẹ́ kù á sì di ìrì sára nǹkan náà. Ẹ jẹ́ ká pe ìwọ̀n òtútù tí èyí ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìrì.

Ìṣirò kékeré kan wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ju 50% lọ. Ẹ yọ ọ̀rinrin náà kúrò nínú 100, ẹ fi 5 pín èyí tó kù, kí ẹ wá yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n ooru yàrá. Ká ní yàrá yín jẹ́ 30°C, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 80%: 20 ló kù, tí a bá fi 5 pín in, ó di 4. Ojú ìrì jẹ́ 26°C.

Ẹ tún un kà: 26°C, kì í ṣe 0°C! Ẹni tó ń ṣe fídíò nínú yàrá 20°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 40%, nǹkan bíi 6°C ni ojú ìrì tiẹ̀. Omi 15°C ò ní ṣe ẹ̀rọ tiẹ̀ ní nǹkan kan, àmọ́ á rin tiwa gbingbin. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ló máa ń dẹ̀ fún wa díẹ̀: tí yàrá bá jẹ́ 32°C tí ọ̀rinrin sì wálẹ̀ sí 30%, ojú ìrì á sún mọ́ 12°C.

Tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, ẹ bu omi sínú kọ́ọ̀pù irin, ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, kí ẹ máa ju yìnyín sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Ibi tí tẹmómítà wà nígbà tí ara kọ́ọ̀pù bá kọ́kọ́ ṣú, ojú ìrì yín nìyẹn. Irú ọgbọ́n yìí náà ni John Frederic Daniell ará Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà tó ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn ojú ìrì ní 1820.

Ohun tí mo kọ́ ní Apapa

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì wé páìpù, mo rò pé mo gbọ́n. Ńṣe ni fóòmù náà mu omi, ó sì fi pamọ́ fún mi títí ó fi kán.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó òkú Èkó pamọ́ sí nítòsí wáàfù Apapa. Inú ibẹ̀ jẹ́ −18°C, ìta gbóná janjan, síbẹ̀ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ ṣe sí i?” Ó nàka sí fóòmù dúdú tó wà lára páìpù AC. Ó ní, “Àbúrò, ẹ̀yin ń sá fún òtútù. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ sá fún. Tí afẹ́fẹ́ ò bá rí ibi tútù fọwọ́ kàn, kí ló fẹ́ sọ di omi?”

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ní ihò tó já síra wọn, afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá. Ti AC, ihò kọ̀ọ̀kan ló dá dì. Ó tún fi okùn iná kan hàn mí tó ń mú etí ilẹ̀kùn gbóná díẹ̀, kí ìrì má bàa sẹ̀ síbẹ̀ kó sì dì.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

1. Ẹ wá ojú ìrì yàrá yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. AC máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́: ní 24°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 55%, ojú ìrì á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 15°C.
2. Ẹ fi fóòmù dúdú yẹn wé gbogbo ibi tó máa tutù, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ihò kékeré kan ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.
3. Ó gbọ́dọ̀ nípọn. Tí ẹ̀yìn fóòmù bá ṣì tutù ju ojú ìrì lọ, òun náà á làágùn.
4. Ẹ fi Vaseline dí àyè tó yí CPU ká, kí ẹ sì fi fóòmù bo ẹ̀yìn motherboard níbẹ̀. Òtútù ń gba inú irin kọjá dé ẹ̀yìn.
5. Tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó gbóná padà kó sì gbẹ pátápátá kí ẹ tó tàn án. Yìnyín tó dì sára irin lè má ṣe nǹkan kan; ìgbà tó bá yọ́ ni wàhálà dé, torí omi náà á pò mọ́ eruku àti iyọ̀ tó wà lórí motherboard, iná á sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Tí NEPA bá wá mú iná lọ ńkọ́?

Èyí ni àwọn fídíò yẹn kì í sọ. Tí iná bá lọ, CPU ò mú ooru wá mọ́, ṣùgbọ́n omi dídì ṣì wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ á wá tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìrì á sì máa sẹ̀ nínú òkùnkùn. Tí wọ́n bá mú iná dé lójijì, tí ẹ̀rọ sì tan ara rẹ̀, ó parí. Torí náà, ẹ yọ okùn iná rẹ̀ kúrò ní ògiri.

Ní ti oníbàárà mi, n ò gbé yìnyín sún mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Mo fi radiator tó tóbi jù sí i, mo sì fi fáànù méjì kún un. Omi tí fáànù nìkan ń tù kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, torí náà ìrì ò lè sẹ̀ sí i láéláé. Kò yára tó ti ọjọ́ yẹn, àmọ́ orin ń jáde.