LÁTI INÚ EWÉ DÉ INÚ PÁÁLÍ: ỌGBỌ́N ÀWỌN ARÁ ÉṢÍÀ LÓRÍ OÒGÙN

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òwe yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé etí mi, ṣùgbọ́n ibà ni ó jẹ́ kí n rò ó jinlẹ̀. Ní ìsinmi tí ó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta. Bàbá mi lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ìyá mi ní tirẹ̀ gba ọjà Òyìngbò lọ, ó lọ bá ẹlẹ́wé ọmọ. Nígbà tí ó dé, ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni obìnrin náà bi òun kí ó tó di ewé: ‘Màmá, ṣé ẹ máa sè é ni, àbí ẹ máa rẹ ẹ́ sómi?’ Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn.

Bí mo ti wà lórí ibùsùn ni mo ń ka ara páálí oògùn náà. Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é. Artemether àti lumefantrine ni ó wà nínú rẹ̀. Ewé ni orísun artemether yìí, ilẹ̀ Ṣáínà ni a sì ti kọ́kọ́ rí agbára ewé náà. Orílẹ̀-èdè Éṣíà méjì ni ó pàdé nínú páálí kan ṣoṣo ní Èbúté Mẹ́ta. (Kí n má purọ́, mo lo oògùn náà, mo sì mu àgbo náà, n kò lè sọ èyí tí ó wò mí sàn.)

Ní 1967, nígbà tí ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Ṣáínà pe àwọn onímọ̀ jọ ní ìkọ̀kọ̀ láti wá oògùn ibà tuntun, nítorí pé chloroquine kò ran ibà mọ́ ní agbègbè náà. Obìnrin kan, Tu Youyou, wà lára àwọn tí ó ń tú ìwé ìṣègùn àtijọ́ wò. Wọ́n dán ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao wò. Lónìí ó ṣiṣẹ́, lọ́la kò ṣiṣẹ́. Ni Tu bá padà sí ìwé tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé ọkùnrin náà kò ní kí a se ewé yìí rárá. Ó ní kí a rẹ ẹ́ sómi, kí a fún un, kí a sì mu omi rẹ̀. Ojú Tu là: ooru iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́! Ó wá lo ether, tí kì í gba ooru púpọ̀ kí ó tó hó, láti fa agbára náà jáde ní 1971. Ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ èdè, ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ṣílẹ̀kùn. Ìbéèrè ẹlẹ́wé Òyìngbò gan-an ni Tu bi ìwé Ge Hong.

Ti Íńdíà yàtọ̀. Òfin ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1970, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972, kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá oògùn kan ní. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é nìkan ni ènìyàn lè gba àṣẹ lé lórí. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà mìíràn ṣe oògùn kan náà, kò sí ẹni tí yóò mú un. Abẹ́ òfin yìí ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ dójú àmì kí wọ́n tó yí i padà ní 2005. Ní 2001, Cipla ti Mumbai kéde pé oògùn éèdì tí ènìyàn kan yóò lò fún ọdún kan, òun yóò tà á fún ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières ní 350 dọ́là, nígbà tí ti àwọn òyìnbó ń lọ sí bí 10,000 dọ́là. Orúkọ wọn wá dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníjìbìtì ń jí i lò: ní 2009, NAFDAC mú ayédèrú oògùn ibà tí a ṣe ní Ṣáínà, Íńdíà ni wọ́n sì kọ sí i lára.

Ǹjẹ́ àwa káwọ́ gbera bí? Rárá. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi hàn pé gbòǹgbò orin ata, tí a fi ń rin eyín, lè tún ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé ṣe, èyíinì ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀lá-dìde. Lẹ́yìn wọn, NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ Àlùfáà Ògúnyalé, Yorùbá bíi tiwa. Ata ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 2006 ní orúkọ Nicosan. Ní 2008 gbèsè mu Xechem dọ́rùn, ó wó, oògùn náà sì di àwátì.

Àbúrò mi ọkùnrin ní àrùn yìí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Nicosan kì í ṣe ìtàn lásán ní ilé wa. Lójú tèmi, ewé kọ́ ni ó wọ́n wa. A gbé gbogbo ẹrù náà lé orí ilé iṣẹ́ àjèjì kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ará Íńdíà ti fi òfin ṣe ọgbà yí tiwọn ká. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pàápàá ní ẹ̀bi tiwa: a ń kọ orúkọ ewé jọ sínú àpilẹ̀kọ, a kì í sábà kọ bóyá sísè ni, rírẹ ni, gígún ni, tàbí jíjó.

Mo ti padà lọ sí Òyìngbò pẹ̀lú ìwé àti bírò. Títí di ìrọ̀lẹ́, orúkọ ewé mọ́kànlá ni mo rí kọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Obìnrin náà wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: ‘Ọmọ mi, ṣé èyí náà ni wọ́n ń fi gba ìwé ẹ̀rí ní yunifásítì?’