Iye Ilé Ọ̀tọ̀, Ìwọ̀n Owó-Orí Ọ̀tọ̀: Bí Ará Ìlú Ṣe Ń Sọ̀rọ̀ Lórí Ìṣúná Káńtì Ní Florida

Ní ọdọọdún, nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà a máa gba ìpè sí ìpàdé kan tí ó kan àpò olúkúlùkù wọn. Ní ìpàdé náà ni àwọn aṣojú tí wọ́n fi ìbò yàn ti ń sọ iye owó tí ìjọba wọn yóò ná ní ọdún tí ń bọ̀, àti ìwọ̀n owó-orí tí onílé yóò san kí iṣẹ́ ìjọba lè máa lọ. Òfin sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n ṣe ìpàdé yìí ní gbangba, kí wọ́n sì gba ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi àṣẹ sí ohunkóhun. Síbẹ̀, àwọn kan kì í lọ rárá. Àwọn mìíràn a lọ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé lọ, wọn a sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ilé ní ìpínlẹ̀ náà, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, ní láti mọ bí ètò yìí ti rí.

ÈNÌYÀN MẸ́TA, IṢẸ́ MẸ́TA

Káńtì 67 ni ó wà ní Florida. Káńtì kọ̀ọ̀kan dà bí àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní Ìgbìmọ̀ Kọmíṣánnà tí ń bójú tó ọ̀nà, ilé-ìkàwé, iṣẹ́ panápaná àti àwọn ohun mìíràn bẹ́ẹ̀. Owó-orí ilé àti ilẹ̀ jẹ́ apá pàtàkì nínú owó tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọwọ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ owó-orí náà ń gbà kọjá, kò sì yẹ kí a da iṣẹ́ wọn pọ̀.

Èkíní ni Adíyelé, ẹni tí ń sọ iye tí ilé àti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún. Òun kò bu owó-orí lé ẹnikẹ́ni. Èkejì ni Ìgbìmọ̀ Kọmíṣánnà tí ń pinnu ìwọ̀n owó-orí ti káńtì. Àwọn wọ̀nyí kò sì díyelé ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ni Agbowó-orí tí ń fi ìwé owó ránṣẹ́, tí ó sì ń gba owó wọlé. Kò sí agbára lọ́wọ́ tirẹ̀ láti dín kọ́bọ̀ kan kù nínú èyí tí àwọn méjì ìṣáájú ti pinnu.

ÌWỌ̀N KAN NÁÀ, OWÓ TÍ Ó PỌ̀ SÍ I

Mílì ni wọ́n fi ń wọn owó-orí yìí. Mílì kan jẹ́ dọ́là kan lórí ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ohun-ìní náà tó. Bí ilé ìtajà kan bá tó $200,000, tí ìwọ̀n owó-orí káńtì sì jẹ́ mílì 5.5, $1,100 ni ẹni tí ó ni ín yóò san. Òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà kò gba káńtì láyè láti kọjá mílì 10 fún iṣẹ́ káńtì, àfi bí àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ènìyàn lójú nìyí. Ká ní ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, iye gbogbo ohun-ìní inú káńtì náà gòkè ní ìdá 10 nínú 100, tí ilé ìtajà náà sì di $220,000. Bí Ìgbìmọ̀ bá fi ìwọ̀n sílẹ̀ ní mílì 5.5 bí ó ti wà, $1,210 ni onílé yóò san. Kọmíṣánnà lè dìde kí ó sọ pé àwọn kò fi nǹkan kan kún ìwọ̀n owó-orí, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n onílé náà ti san $110 lé èyí tí ó san ní èṣí.

Nítorí irú èyí ni ìjọba ìpínlẹ̀ Florida fi ṣe òfin kan ní ọdún 1980, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ Òtítọ́ Nínú Ìwọ̀n Owó-Orí. Òfin náà ní kí káńtì kọ́kọ́ ṣírò ìwọ̀n tí yóò mú iye owó kan náà wọlé bí ti ọdún tí ó kọjá, láìka àwọn ilé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. A lè pe èyí ní ìwọ̀n ìdápadà. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, mílì 5 ni ìwọ̀n ìdápadà, nítorí mílì 5 lórí $220,000 jẹ́ $1,100 gẹ́lẹ́. Bí Ìgbìmọ̀ bá fẹ́ gbà ju ìyẹn lọ, bí iye mílì kò tilẹ̀ yí padà rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ pè é ní orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, èyí ni àfikún owó-orí.

Ẹni tí ń gbé inú ilé tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùgbé rẹ̀ gan-an tún ní ààbò mìíràn. Bí ó bá kọ̀wé béèrè kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹta tó kọjá, wọn yóò yọ $25,000 àkọ́kọ́ kúrò nínú iye ilé rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Láti ọdún 1995 pẹ̀lú, iye tí wọ́n ń lò fún irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gòkè ju ìdá 3 nínú 100 lọ ní ọdún kan, níwọ̀n ìgbà tí ilé náà kò bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, tí wọn kò sì kọ́ nǹkan kún un.

ÌWÉ OṢÙ KẸJỌ

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ni Adíyelé ń fi àkójọ iye ohun-ìní ránṣẹ́ sí àwọn tí ń bu owó-orí. Láàrin ọjọ́ 55 sí ìgbà náà, tí yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, ìwé ìfilọ̀ gbọ́dọ̀ jáde lọ sọ́dọ̀ onílé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kì í ṣe ìwé owó, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó lé e lórí. Nítorí èyí, àwọn mìíràn a sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Inú ìwé yìí ni onílé ti ń rí ohun mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: owó tí ó san ní èṣí, owó tí yóò san bí àbá ìṣúná tuntun bá kọjá, àti owó tí yóò san bí wọ́n bá lo ìwọ̀n ìdápadà. Ọjọ́, wákàtí àti ibi ìpàdé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwé yìí ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i pé iye tí wọ́n fi lé ilé òun ti pọ̀ jù yóò kọ́kọ́ tọ Adíyelé lọ. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, ọjọ́ 25 péré ni ó ní, láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́, láti pe ẹjọ́ sí Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Iye. Ènìyàn márùn-ún ni ìgbìmọ̀ náà: méjì láti inú Ìgbìmọ̀ Kọmíṣánnà, ẹnì kan láti inú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àti ará ìlú méjì. Ẹni tí kò bá bínú sí iye ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n owó-orí tàbí bí wọ́n ṣe fẹ́ ná an kò tẹ́ lọ́rùn, ìpàdé oṣù kẹsàn-án ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ẹjọ́ iye ilé lọ sí ìpàdé Kọmíṣánnà, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó, kò sí àtúnṣe fún un níbẹ̀, ọjọ́ 25 rẹ̀ sì ń lọ.

Bákan náà ni owó-orí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó wà nínú ìwé kan náà, ní ìpàdé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin kò gba káńtì láyè láti fi ìpàdé tirẹ̀ sí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti mú, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ sí méjèèjì.

ÌPÀDÉ MÉJÌ

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìgbìmọ̀ Kọmíṣánnà gbọ́dọ̀ pàdé pẹ̀lú ará ìlú. Bí ó bá jẹ́ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ìpàdé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó kọjá, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè ráyè wá. Wọ́n lè ṣe é nígbàkúùgbà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ni iye tí ìwọ̀n tuntun fi ga ju ìwọ̀n ìdápadà lọ, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó tí ó lé náà ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ará ìlú yóò sọ̀rọ̀, tí wọn yóò sì béèrè ìbéèrè. Ìgbà náà ni Ìgbìmọ̀ tó lè dìbò, ìwọ̀n owó-orí ní àkọ́kọ́, ètò ìṣúná lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbò tirẹ̀.

Ó ní ìdí tí ìpàdé ìkíní fi ṣe pàtàkì gidigidi. Ìwọ̀n tí wọ́n bá fọwọ́ sí ní ọjọ́ náà ni yóò di ààlà. Wọ́n lè dín in kù ní ìpàdé kejì, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé e ga sí i rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ kí owó-orí dínkù ṣì lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé kejì kí ó sì rí ìgbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n fi owó kún ti ilé-ìkàwé tàbí ti panápaná, bí kò bá wá sí ìpàdé ìkíní, ohun tí yóò bá nílẹ̀ ni bí wọn yóò ṣe gbà lára iṣẹ́ kan fún òmíràn. Kì í ṣe onílé nìkan ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ayálégbé náà ń gbádùn iṣẹ́ káńtì, owó-orí a sì máa hàn nínú owó ilé tí ó ń san.

LẸ́YÌN ÌPÀDÉ

Ọdún ìṣúná tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó owó-orí ní ìpínlẹ̀ náà yóò yẹ ìwé káńtì wò láti mọ̀ bóyá wọ́n tẹ̀ lé òfin, nítorí káńtì tí ó bá rú u lè pàdánù owó tí ìpínlẹ̀ ń pín fún un. Ní oṣù kọkànlá ni ìwé owó tòótọ́ ń dé. Ẹni tí ó bá san nínú oṣù náà yóò rí ẹ̀dínwó ìdá 4 nínú 100. Ẹ̀dínwó náà ń dínkù ní ìdá kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù títí di oṣù kejì, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, owó tí a kò tíì san ti di gbèsè.

Ní oṣù kọkànlá ni àwọn ènìyàn máa ń tọ Agbowó-orí lọ pẹ̀lú ìbínú. Ìgbà náà, ọjọ́ 25 ti kọjá, ìpàdé méjèèjì ti parí, àwọn Kọmíṣánnà sì ti dìbò. Àwọn àgbà wí pé ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Ní Florida, òfin ti fi ọjọ́ tí ẹnu yóò ṣiṣẹ́ sí inú ìwé oṣù kẹjọ. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á láti kà á kí ọjọ́ náà tó kọjá.