Yíyan Ẹ̀rọ Awẹ́ja Olówó Pọ́ọ́kú fún Ọkọ̀ Apẹja Kékeré

Ẹ̀rọ awẹ́ja, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí apẹja fi ń mọ bí omi ṣe jìn tó àti ohun tó wà láàárín ojú omi àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í fi ojú ríran bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ni ó ń gbé jáde. Ìró ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1948 tí ilé iṣẹ́ Furuno ní orílẹ̀-èdè Japan ti gbé irú rẹ̀ jáde fún àwọn apẹja, ìpìlẹ̀ ìlànà náà kò yí padà. Síkírínì ńlá aláwọ̀ mèremère ni àwọn olùtajà sábà fi ń fa ojú oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo apá ẹ̀rọ tó ń wọ inú omi, nítorí síkírínì kò lè fi ohun tí apá yẹn kò gbọ́ hàn.

Transducer ni a ń pe apá náà. Nínú ike rẹ̀ ni wẹ́wẹ́ seramíìkì kan wà, tí ó máa ń gbọ̀n bí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó sì máa ń mú iná díẹ̀ jáde bí ohun mìíràn bá mì ín, ìwà kan tí Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ti kíyè sí lára àwọn òkúta kan ní ọdún 1880. Ẹ̀rọ a fi iná mi wẹ́wẹ́ yìí, ìró a lọ sísàlẹ̀, a kan ohun tó bá pàdé, a sì padà wá mì ín. Ẹ̀rọ a wá ka àkókò tó wà láàárín lílọ àti bíbọ̀. Nínú omi, ìró ń rin nǹkan bí 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí ó bá gbà á ní ìdá kan nínú ìdá 50 ìṣẹ́jú àáyá kan, 30 mítà ni ó rìn ní àlọ àti àbọ̀, ìjìnlẹ̀ omi níbẹ̀ sì jẹ́ 15 mítà.

Kì í ṣe ẹran ara ẹja ni ó ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìró náà padà, nítorí ẹran ara kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi. Àpò afẹ́fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹja fi ń léfòó nínú omi ni. Ẹja tí kò ní àpò yìí kì í hàn dáadáa, irú èyí tí wọ́n ń kó wọlé nínú yìnyín tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Titus sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilẹ̀ abẹ́ omi náà ní èdè tirẹ̀: àpáta àti iyanrìn líle a máa fi ìlà tó nípọn tó sì mọ́lẹ̀ hàn, ẹrẹ̀ a gbé ìró mì, ìlà rẹ̀ a sì ṣá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé etí ọ̀tún síkírínì nìkan ni ó ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Gbogbo ìyókù, tó ń sún lọ sí òsì, ìtàn ni. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí ìdákọ̀ró, tí ẹja kékeré kan sì dúró lábẹ́ rẹ̀, ìlà gbọọrọ ni ẹja náà yóò fà láti òpin dé òpin, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì rò pé ẹja ńlá ni. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ẹja tó dúró sójú kan a yọ bí ọrun, nítorí ó jìnnà nígbà tó wọ ẹ̀gbẹ́ ìró, ó sún mọ́ tòsí nígbà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ gan-an, ó sì tún jìnnà nígbà tó ń jáde. Àwòrán ẹja kéékèèké tí àwọn ẹ̀rọ kan ń yà fún oníbàárà kò ju àbá tí ẹ̀rọ ń dá lọ; ewé tó rì àti ìtàkùn omi lè di ẹja lójú rẹ̀, ó sì sàn kí a pa ètò àwòrán ẹja yìí.

Ìró náà ń tàn ká bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ṣe ń fẹ̀ bó ti ń lọ, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ríra ti bẹ̀rẹ̀. Kilohertz ni a fi ń ka bí ìró ṣe ń gbọ̀n sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìró 200 kilohertz a máa fẹ̀ tó igun ìwọ̀n 20 (20°), èyí tí ó túmọ̀ sí pé ibi tí ó ń wò lórí ilẹ̀ abẹ́ omi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìjìnlẹ̀ omi náà lọ. Ìró tó sún mọ́ 80 kilohertz lè fẹ̀ tó ìwọ̀n 60, kí ó sì wo ibi tó fẹ̀ díẹ̀ ju ìjìnlẹ̀ omi lọ, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í mọ́ tó ti àkọ́kọ́. Nínú ọ̀sà Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ omi kò ti jìn ju 2 tàbí 3 mítà lọ, ìró tóóró kò lè wo ibi tó fẹ̀ ju nǹkan bí mítà kan lọ, apẹja tó sì ra ẹ̀rọ fún ìjìnlẹ̀ nìkan níbẹ̀ ti náwó dànù, nítorí ọ̀pá tó fi ń ti ọkọ̀ lè sọ ìyẹn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n lójú òkun Ìlàjẹ, ní 30 mítà, ìró tóóró yẹn kan náà ń wo nǹkan bí 10 mítà, ó sì ń fi agbo ẹja hàn kí a tó ju àwọ̀n. Ẹ̀rọ tó ní oríṣi ìró méjèèjì ni ó yẹ kí a wá. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Garmin, Lowrance àti Humminbird ń ṣe kékeré rẹ̀.

Iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí a máa tan ènìyàn jẹ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kà á, èyí tó wà fún ìpolówó sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ èyí tí ẹ̀rọ fi ń rán ìró ní tòótọ́, tó fi jẹ́ pé 4,000 wáàtì ti ọ̀kan kò ju 500 wáàtì ti èkejì lọ. Bí owó bá ṣẹ́kù, GPS, tí ń jẹ́ kí apẹja sàmì sí ibi tó dẹ àwọ̀n sí kí ó lè padà síbẹ̀ lóru, wúlò ju síkírínì tó fẹ̀ lọ. Ní ti iná, bátìrì ọ̀kadà ti 12 fóòlùtì (volt) tó fún un.

Inú ọkọ̀ oníke líle ni a ti lè lẹ transducer mọ́ ìsàlẹ̀ kí ó gba ara ọkọ̀ gbọ́ràn, ṣùgbọ́n igi ní afẹ́fẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ yìí sì ń pa ìró, nítorí náà nínú ọkọ̀ onígi, omi ni transducer gbọ́dọ̀ kàn, lórí ọ̀pá tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tó jìnnà sí ìfófòó abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kí a tó san owó tán, ó yẹ kí a fi okùn olójé tí a ti wọn yẹ ẹ̀rọ wò nínú omi tí kò jìn: bí okùn bá sọ pé mítà kan ààbọ̀, tí ẹ̀rọ sì sọ pé mẹ́ta, ó lè jẹ́ pé ìró tó tún ti ojú omi padà lọ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ̀rọ ń kà, a ó sì dín agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ kù títí méjèèjì yóò fi sọ ohun kan náà.